Àlàkẹ́, bá mi wá fáìlì yẹn

Ìbàdàn

Àlàkẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ náà. Báwo ni òtútù Leeds? Àárò rẹ ń sọ mí, ṣùgbọ́n ti ọ̀tẹ̀ yìí kọjá àárò. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò ṣeé dákẹ́ lé, ìwọ nìkan ló sì lè gbà mí.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ti pinnu láti kúrò lórí Excel. Ó tó àkókò. Fáìlì ọmọ ẹgbẹ́ lọ́tọ̀, ti owó yíyá lọ́tọ̀, akápò tún ní tirẹ̀ lórí fóònù. Bí a bá béèrè iye tí Ìyá Onírẹsì ní, èsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la máa ń gbọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n kó gbogbo rẹ̀ sínú dátábéèsì, ìyẹn àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí gbogbo tábìlì rẹ̀ so mọ́ra. PostgreSQL, ọ̀kan nínú irú rẹ̀, ni mo mú, torí òun kì í gba gbàkugbà. Tí mo bá ti sọ fún un pé onídùúró gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ẹni tí kò bá sí nínú tábìlì ọmọ ẹgbẹ́ kò lè dúró fún ẹnikẹ́ni mọ́. Lórí Excel, mo rí olóògbé tó ṣe onídùúró lẹ́yìn tí a ti sin ín.

Mi ò kó wọn wọlé tààrà. Mo kọ́kọ́ ṣe tábìlì kan tí gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ text, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán, mo fi àṣẹ \copy da fáìlì síbẹ̀ bó ṣe wà, kí n tó máa ṣà á. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Òdo iwájú nọ́ńbà fóònù ti já, 0803 ti di 803. Ìyẹn rọrùn, mo ti dá a padà. Ọjọ́ ló le. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ ọ́ ń ka ọjọ́ bí ará Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣíwájú. Ẹni tó yá owó ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, wọ́n tẹ 03/04/2021, Excel sì gbà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, kò sọ fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n 13/04 kò ṣeé yí, kò sí oṣù kẹtàlá, ó wá fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Èyí tó jọ pé ó bàjẹ́ gan-an ló tọ̀nà, Àlàkẹ́. Èyí tó dán lójú ni kò ṣeé gbára lé. Rìsíìtì báǹkì ni mo fi ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ ti orúkọ ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹni tó gba iṣẹ́ akọ̀wé lẹ́yìn rẹ fi fáìlì ọmọ ẹgbẹ́ pamọ́ ní CSV, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà ń pín, irú ti àtijọ́ tí kì í ṣe UTF-8 (ọ̀nà ìkọ̀wé tó mọ gbogbo lẹ́tà wa), ó sì pa ojúlówó rẹ́. CSV yẹn mọ á, ó mọ è, kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Èyí tí kò bá mọ̀, àmì ìbéèrè ló ń fi sípò rẹ̀. Ṣọlá ti di ??lá. Ṣọpé ti di ??pé. Ká ní ó kàn dàrú ni, irú «á¹¢» tí a máa ń rí dípò Ṣ, ǹ bá ti tún un ṣe, torí lẹ́tà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ àmì ìbéèrè.

Orúkọ inú fáìlì owó yíyá ṣì pé, mo sì ti fi rí orúkọ gbogbo ẹni tó yáwó rí àti onídùúró wọn gbà padà. (Ẹ́ tí a tẹ̀ lórí fóònù àti ẹ́ ti kọ̀ǹpútà jọ ara wọn lójú wa, dátábéèsì ní ènìyàn méjì ni wọ́n, àfi ìgbà tí mo fi àṣẹ normalize() sọ wọ́n di ọ̀kan.) Àwọn tó kù ni àwọn tí kò yá kọ́bọ̀ rí. O mọ̀ wọ́n. Àwọn ìyá tó máa ń jókòó lẹ́yìn, tí wọ́n ń tú owó ní etí ìró, tí wọ́n ń san tiwọn lóṣooṣù láìjẹ gbèsè. Àwọn tó ṣe déédéé jù nínú wa ni orúkọ wọn ṣòfò. Àwọn kan ti papòdà, àwọn ọmọ wọn sì ń bọ̀ wá béèrè.

Alága ní kí n kó wọn wọlé bẹ́ẹ̀, pé nọ́ńbà ẹgbẹ́ ti tó. Mo kọ̀. Ìyá tí ìwé rẹ̀ ti sọnù kò mọ nọ́ńbà, orúkọ ló mọ̀. Mo rán an létí ti England ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà tí fáìlì Excel àtijọ́ (.xls) tí kò gbà ju ìlà 65,536 lọ jẹ́ kí 15,841 alárùn kòrónà já kúrò nínú iye, tí àwọn tí wọ́n bá pàdé kò sì gbọ́ lásìkò. Ó dákẹ́.

Ara màmá mi ti yá, Bísí bí obìnrin, wọ́n ti da ọ̀dà sí títì wa.

Àlàkẹ́, nígbà tí o ń lọ ní 2019, láptọ́ọ̀pù aláwọ̀ eérú yẹn bá ọ lọ. Fáìlì tí o fúnra rẹ tẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tí o ń tọ àwọn ìyá lọ ní ìjókòó wọn láti bi wọ́n bí orúkọ wọn ṣe ń dún kí o tó fi àmì sí i. Jọ̀ọ́, bá mi wá a. Bí o bá rí i, má ṣí i, má sì yí i sí CSV. Fi ránṣẹ́ sí ímeèlì mi bó ṣe wà. Bí láptọ́ọ̀pù náà kò bá tàn mọ́, má jù ú nù, fún ẹni tó bá ń bọ̀ wálé ní Kérésì, n ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò ní kó orúkọ kankan wọlé títí n ó fi gbọ́ tìrẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́