Lẹ́tà sí Olóòtú: Kí Ẹ Tó Kó Àwọn Ọmọ Lọ Pàgọ́ Níbi Àjọ̀dún Orin

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ìwé ìròyìn yín gbé jáde lórí bí òbí ṣe lè kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí àjọ̀dún orin, irú èyí tí àwọn ènìyàn ti máa ń pàgọ́ sùn nínú pápá fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Inú mi dùn pé ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà, nítorí àwọn òbí tí ń ronú irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í sábà rí ẹni tí yóò sọ òótọ́ rẹ̀ fún wọn. Síbẹ̀, mo ní ẹjọ́ kan láti rò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí ó yẹ ní rírà ni àpilẹ̀kọ náà ń kà sílẹ̀: irú àgọ́ báyìí, irú bàtà báyìí, irú kẹ̀kẹ́ àfọwọ́fà tí a fi ń kó ẹrù báyìí. Ẹni tí ó bá kà á tán lè rò pé ọmọ náà jẹ́ ọ̀kan lára ẹrù tí a óò dì. Ní tèmi, n kò rí ẹrù tí ó ba ìrìn àjò àkọ́kọ́ wa jẹ́. Ètò tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti ṣe sínú ọkàn wa kí a tó kúrò nílé ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, àbúrò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́rin. A ti fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ àwọn olórin mẹ́sàn-án nínú ìwé ètò, a sì ti pín wákàtí wọn bí ẹni ń pín ogún. Nínú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, méjì péré ni a gbọ́ parí. Àbúrò sùn lọ fọnfọn sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó jí ní agogo mẹ́jọ, ojú rẹ̀ sì dá ṣáká títí di ọ̀gànjọ́. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ rí ẹ̀rọ omi kan tí àwọn ọmọdé ti sọ ìdí rẹ̀ di ẹrẹ̀, kò sì sí olórin kan láyé tí ó lè fà á kúrò níbẹ̀. Mo bínú, mo sì jẹ́wọ́ rẹ̀: mo bínú sí ọmọ ọdún mẹ́rin nítorí pé oorun kùn ún. Ọjọ́ kejì ni mo tó ju ìwé ètò náà sí ìsàlẹ̀ àpò, tí a wá ń tẹ̀lé oorun wọn, ebi wọn àti ẹsẹ̀ wọn tí kò lè rìn jìnnà. Láti ìgbà náà ni ìrìn àjò náà ti ń dùn. Bí àpilẹ̀kọ yín bá sọ ìyẹn nìkan, ì bá ti ṣe àwọn òbí láǹfààní ju bàtà òjò mẹ́wàá lọ.

Ọ̀rọ̀ etí ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo ni ẹ fi fò ó kọjá. Dẹ́síbẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó, ìwọ̀n náà sì máa ń tan ènìyàn jẹ: bí ó bá fi 3 péré lé sí i, agbára ìró tí ń wọ etí ti di ìlọ́po méjì, bí ó bá sì fi 10 lé, ó ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) àti International Telecommunication Union, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ, jọ gbé ìlànà kan jáde fún àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ orin. Nínú ìlànà náà, 80 dẹ́síbẹ̀lì fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni òdiwọ̀n àgbàlagbà. Fún ọmọdé, 75 ni, fún iye wákàtí kan náà. Ní ọdún 2022, WHO tún gbé òmíràn jáde fún ibi tí wọ́n ti ń kọrin fún ogunlọ́gọ̀, wọ́n sì ní kí ìpíndọ́gba ariwo níbẹ̀ má ṣe kọjá 100 dẹ́síbẹ̀lì láàárín ìṣẹ́jú 15.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé òdiwọ̀n méjèèjì kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìṣirò ọwọ́ mi ni o, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò. Níbi tí ariwo bá ti dé 100, nǹkan bí ìṣẹ́jú 24 ni àgbàlagbà yóò fi gba gbogbo ariwo tí òdiwọ̀n àkọ́kọ́ yẹn fún un fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọdé kò ní lò tó ìṣẹ́jú 8 kí tirẹ̀ tó pé. Orin méjì nìyẹn, bí àwọn olórin náà kò bá fa ọ̀rọ̀ gùn láàárín. Nítorí náà, nígbà tí mo bá rí bàbá tí ó gbé ọmọ rẹ̀ ka èjìká ní iwájú ìtàgé, tí etí ọmọ náà ṣófo, ọkàn mi kì í balẹ̀. Ìfẹ́ ni bàbá náà ń ṣe, mo mọ̀. Ó fẹ́ kí ọmọ ríran. Ṣùgbọ́n ó ti gbé etí ọmọ náà ga kọjá orí gbogbo ènìyàn tí ì bá dá díẹ̀ dúró nínú ariwo náà, ó sì kọjú rẹ̀ sí sípíkà gan-an.

Ìbòtí ni ó yẹ ọmọdé, ìyẹn èyí tí ó tóbi tó láti bo gbogbo etí méjèèjì bí ìdérí. Fóòmù kékeré tí àgbà máa ń kì bọ etí kò dára fún ọmọ ọwọ́, nítorí ó lè yọ ọ́ sẹ́nu kí ó sì há a lọ́fun. Ìbòtí pàápàá kì í pa gbogbo ariwo, ó ń dín in kù ni, nítorí náà kí a dúró sí ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́, níbi tí ọ̀nà àbájáde kò ti jìnnà. Kí a fi wọ ọmọ kí a tó dé ibi orin, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti ń sunkún. Kí ọmọ sì ti mọ̀ ọ́n lára nílé. Àbúrò fi tirẹ̀ sórí fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kí a tó lọ, ó ń pe ara rẹ̀ ní awakọ̀ òfuurufú, kò sì jẹ́ kí a bọ́ ọ bí ó bá fẹ́ jẹun. Ẹ̀gbọ́n, tí a rò pé ó ti gbọ́n tó láti mọ ìdí rẹ̀, ni ó ń ju tirẹ̀ nù ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún nítorí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò wọ irú rẹ̀.

Ní ti oorun, òtútù ilẹ̀ ni òbí kì í rò tẹ́lẹ̀. Aṣọ púpọ̀ lókè ọmọ kò lè ṣe nǹkan kan bí ilẹ̀ bá ń fa ooru ara rẹ̀ lọ láti ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nìkan kò tó. Ó yẹ kí ẹní fóòmù wà láàárín ọmọ àti ilẹ̀. Aṣọ tí ọmọ fi ṣeré lọ́sàn-án ti mu òógùn, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó fi sùn. Póò kékeré kan nínú àgọ́ sì níye lórí ju ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ kọ lọ, nítorí ẹni tí ó bá ti gbé ọmọ kọjá láàárín okùn àgọ́ igba ènìyàn lóru, tí ó ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò tún ní fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kí ọmọ ti sùn nínú àgọ́ náà ní alẹ́ ọjọ́ kan kí ọjọ́ àjọ̀dún tó pé, ì báà ṣe ní ẹ̀yìnkùlé tàbí ní àárín yàrá, kí ó lè mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni ó ń lu aṣọ àgọ́ pa-pa-pa, kì í ṣe ẹnikẹ́ni.

Ohun kan wà tí ẹ kò mẹ́nu bà rárá, kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ààrò èédú tàbí sítóòfù gáàsì wọ inú àgọ́, yálà láti dáná tàbí láti yáná, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, bí a tilẹ̀ ṣí ẹnu àgọ́ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ carbon monoxide tí ń jáde lára wọn kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni ó fi máa ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí òbí lè rò pé àárẹ̀ ọjọ́ ni, ẹni tí ó bá sì ti sùn lè má jí mọ́. Èédú tí ó dà bí ẹni pé ó ti kú ṣì lè máa tú afẹ́fẹ́ náà jáde fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìta ni ààyè rẹ̀, ìta náà ni kí ó sùn.

Ẹ̀gbọ́n sọnù fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá ní ọjọ́ kejì. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé aago ni mo ń wò. Ẹ kọ ọ́ pé kí àwọn òbí fi fóònù pe ara wọn bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ti ń lo òpó kan ṣoṣo, ìpè kì í sábà wọlé, tiwa kò sì wọlé. Ohun tí ó yọ wá ni pé a ti so aṣọ pupa rẹ́súrẹ́sú kan mọ́ orí ọ̀pá lẹ́nu àgọ́ wa, a sì ti sọ fún un pé bí kò bá rí wa, kí ó wá aṣọ náà, bí kò bá sì rí aṣọ, kí ó lọ bá ẹni tí ó wọ aṣọ òṣìṣẹ́. Àwòrán ọmọ tí a yà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nínú aṣọ tí ó wọ̀ jáde, tún wúlò, nítorí ẹnu mi kò lè sọ àwọ̀ ẹ̀wù rẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ bi mí. Nọ́ńbà fóònù wa wà lára ọ̀já tí a so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ẹrẹ̀ ti bò ó. Kí òbí máa nu ún lálaalẹ́.

Ẹ tún gbóríyìn fún àwọn àjọ̀dún ńlá pé wọ́n fẹ́ràn ọmọdé. Lóòótọ́ ni pé Glastonbury, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 lórí oko kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a máa jẹ́ kí ọmọ ọdún 12 sí ìsàlẹ̀ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó bá wà pẹ̀lú àgbà tí ó ní tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ju 200,000 ènìyàn lọ tí ń péjọ síbẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin yóò sì ti rìn láti àgọ́ dé ìtàgé kì í ṣe eré. Fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi yóò yan èyí tí ó kéré, tí a lè fẹsẹ̀ rìn já láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí mo lè padà sí àgọ́ nígbà tí ọmọ bá ti ń fi ọwọ́ nu ojú. Bí olórin tí mo fẹ́ràn kò bá sí níbẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀; n kò ní í gbọ́ ọ parí náà.

Ó ku àwọn tí ń ṣètò. Níbi tí a lọ, wọ́n ní ibùdó ìdílé wà, ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́, a sì tò síbẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí ń gbé iná ìtàgé ni wọ́n gbé sí ẹ̀yìn ọgbà náà, kò sì dákẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ni wọ́n bá wa rí ọmọ wa. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin olóòtú, ni pé nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa àjọ̀dún orin fún ìdílé, kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣètò wọn iye dẹ́síbẹ̀lì tí wọ́n fàyè gbà níwájú ìtàgé àti bóyá ẹnì kan ń wọ̀n ọ́n, bí ibùdó ìdílé ṣe jìnnà sí sípíkà àti jẹnẹrétọ̀ tó, àti ibi tí wọ́n ń mú ọmọ tí ó bá sọnù lọ. Kí ẹ sì tẹ ìdáhùn wọn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àwọn olórin, ní lẹ́tà tí ó tóbi bákan náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá ọlọ́mọ méjì, òǹkàwé yín