Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì tí kì í balẹ̀

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́ pé ara rẹ le. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí o má máa fi ebi kàwé. O kọ ọ́ pé olùkọ́ físíìsì yín fa ìlà pupa sí ìdáhùn rẹ, níbi tí o ti kọ ọ́ pé sátẹ́láìtì kì í já bọ́ nítorí pé agbára òòfà ayé, èyí tó ń fa nǹkan wálẹ̀, kò dé ọ̀hún, àti pé o fẹ́ lọ bá a jiyàn nítorí pé ẹnu mi ni o ti gbọ́ ọ. Má lọ. Olùkọ́ yín ló jàre. Èmi ni mo ṣì ọ́ lọ́nà.

Ó pẹ́ tí mo ti ń so díìsì tẹlifíṣàn, èyí tó ń gba àwòrán láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, káàkiri Òṣogbo tí mo sì ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn oníbàárà. Ní ọjọ́ kan, mo wà lórí òrùlé bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, sípánà 13 bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ró gbàǹgà lórí kọnkéré. Bàbá náà bá mi ṣà á, wọ́n sì bi mí pé: “Ohun tó fa sípánà yìí wálẹ̀, ibo ló parí sí? Bí kò bá sì dé ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì rẹ, kí ló dá a dúró tí kò fi bá tirẹ̀ lọ?” N kò rí èsì fọ̀.

Ìgbà tí mo délé ni mo rántí kànnàkànnà tí mo fi ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bí mo bá ń fì í yípo lórí, okùn ló ń tẹ ọ̀nà òkúta náà po. Ní kété tí mo bá jọ̀wọ́ etí okùn kan, òkúta kì í yípo mọ́, ibi tó kọjú sí lásìkò náà ni yóò gbà lọ tààrà. Òòfà ni okùn sátẹ́láìtì. Bí òòfà bá parí lójú ọ̀run, sátẹ́láìtì kò ní dúró síbẹ̀. Yóò lọ ni, kò sì ní padà.

Nítorí náà, sátẹ́láìtì ń já bọ́ o, kò sì fi ìgbà kan dẹ́kun jíjábọ́. Ilẹ̀ ni kò bá. Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1727, ti ro ó nípa yíyin ìbọn ńlá láti orí òkè tó ga rékọjá afẹ́fẹ́. Ohun tí a bá jù sílẹ̀ ń já tó mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Ayé sì rí róbótó, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí o bá lọ tààrà fún kìlómítà 8, ilẹ̀ yóò ti rọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ ní nǹkan bí mítà 5. Ọta ìbọn tó bá ń sá kìlómítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bó ṣe ń já ni ilẹ̀ ń sá fún un. Àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú tí o ń rí lórí tẹlifíṣàn, tí ibùdó wọn ga tó 400 kìlómítà, òòfà ọ̀dọ̀ wọn ṣì tó ìdá 89 nínú 100 ti ilẹ̀ tí o dúró lé. Wọ́n ń léfòó nítorí pé àwọn àti ilé tí wọ́n wà nínú rẹ̀ jọ ń já ní ìwọ̀n kan náà ni.

Lóòótọ́, òòfà a máa dín kù bí a bá ṣe ń jìnnà, ṣùgbọ́n ó ní ìṣirò: bí ìjìnnà sí àárín ayé bá di ìlọ́po méjì, òòfà á di ìdá kan nínú mẹ́rin. NigComSat-1R, sátẹ́láìtì ilẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Ṣáínà ní oṣù Kejìlá ọdún 2011 wà ní nǹkan bí 35,786 kìlómítà lókè ilẹ̀, èyí tó fi jìnnà sí àárín ayé ní ìlọ́po 6.6 jù wá lọ. Sọ 6.6 di ìlọ́po 6.6, wàá rí i pé òòfà ibẹ̀ kù sí ìdá kan nínú 44. Okùn ti tínrín, nítorí náà eré kìlómítà 3 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló tó o. Bí eré náà bá dín, ọ̀nà rẹ̀ á tẹ̀ wá sísàlẹ̀. Wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 56 ló fi ń yí ayé po, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ayé náà sì fi ń yí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kan díìsì mọ́ ògiri tí n kò ní padà wá yí i. Àárín ayé ni òòfà ń fa nǹkan sí, kì í ṣe Òṣogbo, nítorí náà irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ kò lè dúró ṣánṣán lórí wa. Òkè ìlà agbedeméjì ayé nìkan ló lè wà.

Ti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì kò yàtọ̀, oòrùn ló di okùn tiwọn mú. Mercury tó súnmọ́ ọn jù ń fi ọjọ́ 88 yí i po. Johannes Kepler, ọmọ Jámánì, ti kéde ní 1609 pé ọ̀nà wọn kì í ṣe òbìrìkìtì pípé, àti pé eré wọn ń le sí i bí wọ́n bá súnmọ́ oòrùn. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kíní ni ayé tiwa súnmọ́ ọn jù, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 147 kìlómítà, nígbà tí ọyẹ́ ń bẹ́ wa lẹ́tẹ̀. Ìyẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ní ìparí oṣù Kẹsán-án, àwòrán tẹlifíṣàn yóò já fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lówùúrọ̀, fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí pé oòrùn á bọ́ sẹ́yìn sátẹ́láìtì gan-an. Àwọn oníbàárà á tún máa pè mí pé díìsì wọn ti yẹ̀. Bí ti ilé ẹ̀kọ́ yín bá já, jáde síta, kí o kọ aago tó já sílẹ̀ fún mi. Má tẹjú mọ́ oòrùn. Òjìji òpó ni kí o fi mọ ibi tó wà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.