Lẹ́tà ẹ̀sùn lórí òrùlé tí ẹ kàn fún wa tó ń jò

Bódìjà, Ìbàdàn.

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ tó kan òrùlé wa,

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mò ń fi ọ̀rọ̀ yìí tó yín létí. Orí fóònù ni ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí.

Oṣù Kejì ni àwọn òṣìṣẹ́ yín kan páànù tuntun sórí ilé wa. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé àbùkù wà níbẹ̀. Òjò oṣù Kẹfà ló tú àṣírí. Ibi tí òrùlé iwájú àti tẹ̀yìn ti pàdé ni omi ń gbà wọlé, ó sì ń gba ojú ìṣó. Káfíńtà tí mo pè wá wò ó fi hàn mí: ọ̀pọ̀ ìṣó náà ni kò ní rọ́bà lábẹ́ orí, páànù tó sì yẹ kó kó omi lọ sí gọ́tà, wọ́n gé e kúrú.

Ẹni tí ẹ rán wá kò tilẹ̀ gun òkè àjà. Ọ̀dà funfun ló kùn bo àbàwọ́n ara sílìn, ó ní ó ti parí. Sà, sílìn yẹn ṣì tutù nígbà tó ń kùn ún! Ọ̀dà kì í dá omi dúró. Ńṣe ló bo ọ̀rinrin mọ́nú, tí pákó ń jẹrà lókè tí àwa ò mọ̀, títí di òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án tí sílìn já lé bẹ́ẹ̀dì Màmá mi. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, yàrá mi ni wọ́n wà lóru náà. Omi ń ṣàn lára wáyà iná. Inú òkùnkùn ni mo ti sáré lọ pa iná ní ìdí mítà.

Tìmútìmù ti bàjẹ́. Ògiri ti ń bu, dúdú rẹ̀ ti gùn dé ojú fèrèsé, ikọ́ ò sì jẹ́ kí Màmá sùn. Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni àpótí aṣọ wọn. Àlàárì tí wọ́n fi ṣègbéyàwó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú sányán bàbá wa tó ti dolóògbé. Omi wọ àpótí, àwọ̀ àlàárì ṣí, ó mọ́ sányán lára. A fọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a sá a, kò lọ. Màmá ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń ká a, wọ́n ń tú u. N ò lè díye lé ìyẹn, n ò sì ní kí ẹ san án.

Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹ rán ẹni tó mọṣẹ́ wá tú ibi ìpàdé òrùlé yẹn, kó fi páànù tó gùn tó síbẹ̀, kó pààrọ̀ ìṣó, kó yọ pákó tó ti jẹrà. Kí ògiri gbẹ dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọ̀dà. Kí ẹ sì san owó sílìn àti tìmútìmù. Rìsíìtì àti fọ́tò wà pẹ̀lú ìwé yìí. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ti ọdún 2018, fún mi lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ẹ tún iṣẹ́ tí kò dára ṣe, tàbí kí ẹ dá lára owó rẹ̀ padà. Bí n kò bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín láàárín ọjọ́ 14, ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni màá gbé e lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè kí àwọn òṣìṣẹ́ yín tó máa bọ̀. Pálọ̀ ni Màmá ń sùn báyìí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.