Dátà ńlá kọ́ ni oògùn géèmù tó ń fà

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí géèmù bá ti ń fà mọ́ àwọn ọ̀dọ́ Òṣogbo lọ́wọ́, dátà ńlá ni wọ́n ń sáré lọ rà. Owó á lọ, géèmù á ṣì máa fà. Wákàtí kan géèmù kì í sábà jẹ tó 100MB. Fídíò ni alájẹkì. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ping, ìyẹn àkókò tí àṣẹ ọwọ́ yín fi ń dé sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé géèmù náà) tó sì fi ń padà. Bí wọ́n bá fẹ ojú títì Òṣogbo sí Ìbàdàn, Ìbàdàn ò tìtorí bẹ́ẹ̀ sún mọ́ tòsí.

Sáfà ọ̀pọ̀ géèmù tí wọ́n ń ta níbí, Yúróòpù ló wà. Wáyà abẹ́ òkun MainOne láti Èkó dé Pọ́túgàl gùn tó nǹkan bíi 7,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ inú fíbà, ìyẹn okùn gíláàsì inú wáyà náà, ń sáré 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àlọ àtàbọ̀ lórí wáyà yẹn nìkan á gba 70ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), ká tó ka ọ̀nà Èkó sí Òṣogbo. Ẹni tó bá rí 110ms kó fọkàn balẹ̀. Ping 110 tó dúró sójú kan sàn ju 60 tó ń fò lọ sí 300.

Èyí tó ń fò yẹn, inú ilé ló sábà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí cmd, ojú ìwé dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, lórí Windows, kí ẹ tẹ ping -n 50 192.168.1.1. Nọ́ńbà ráútà, àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, nìyẹn. Bí ti yín bá yàtọ̀, ẹ ó rí i lára bébà ìdí rẹ̀. Bí èsì bá wà láàárín 1 sí 5ms, ilé mọ́. Bó bá ń fò sí 80, sí 200, Wi-Fi yín ló ń ṣàìsàn: ẹ bọ́ sórí ìkànnì Wi-Fi 5GHz bí ẹ bá wà ní yàrá kan náà pẹ̀lú ráútà (kò fẹ́ràn ògiri búlọ́ọ̀kù rárá), tàbí kí ẹ ra wáyà nẹ́tíwọ̀kì Cat5e, kí ẹ fi so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, kí ọ̀rọ̀ tán.

Ẹ tún ping náà ṣe sí 8.8.8.8, ìyẹn sáfà Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan máa fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp lákòókò náà. Bí 60 bá di 600, ìlà ló gùn lẹ́nu ọ̀nà: fídíò ti kún ibẹ̀, àṣẹ géèmù ń tò lẹ́yìn rẹ̀. Bí ráútà bá ní QoS, ètò tó ń darí ohun tó ń gba ọ̀nà náà kọjá, ẹ dín ìsáré ìfiránṣẹ́ kù sí 85 nínú 100 ohun tí ẹ ń rí gan-an. Bí kò bá ní in, ẹ pa backup fóònù àti Windows Update títí eré á fi parí. Mífáì ní tiẹ̀, ojú fèrèsé ni kó wà, kì í ṣe ẹ̀yìn tẹlifíṣàn.

Ṣùgbọ́n láago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́, tí gbogbo àdúgbò ń fa nẹ́tíwọ̀kì lára òpó kan, kò sí ohun tí wáyà ilé lè ṣe sí i. Olóòtú, ẹ bá wa bi àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì: kí ló dé tó jẹ́ Mbps, ìyẹn ìwọ̀n dátà tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nìkan ni wọ́n ń kọ sára pátákó? Kí wọ́n kọ ping aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí i.

Àwa atún-kọ̀ǹpútà-ṣe kan,
Òṣogbo.