Ìyá Ìbejì, ta ló mú orúkọ méjèèjì wá?

Ìyá Ìbejì ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Dar es Salaam, àwọn ọmọ ńkọ́? Òjò ò jẹ́ ká rímú mí l'Àkúrẹ́ níbí, gbogbo Ọjà Ọba ti di ẹrẹ̀, inú ẹ̀ náà la sì ti ń tajà bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ fọ́ìsì nóòtì ẹ tó ẹ̀ẹ̀mẹta, èyí tó o ti ní ìyá onílé yín sọ pé láyé Nyerere, ààrẹ Tanzania àkọ́kọ́, tí páátì kan ṣoṣo wà, ìdìbò wọn dáa ju tiwa lọ torí aráàlú máa ń yọ mínísítà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Òótọ́ wà nínú ẹ̀ o, mi ò ní purọ́. Ní 1965, TANU, páátì Nyerere, nìkan ni páátì lórí ilẹ̀ Tanganyika, yàtọ̀ sí Zanzibar, ṣùgbọ́n èèyàn méjì ni wọ́n fà kalẹ̀ ní ọ̀pọ̀ jù lọ àdúgbò ìdìbò, ọ̀kan á gba àmì ọkọ́, èkejì á gba àmì ilé, kí ẹni tí ò mọ̀wé náà lè mọ ẹni tóun ń dìbò fún. Wọ́n sì dìbò lóòótọ́, Paul Bomani tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó gan-an fìdí rẹmi. Àmọ́ kí ló wá ṣẹlẹ̀? Nyerere fúnra ẹ̀ ló tún yàn án padà sílé aṣòfin, ló bá tún di mínísítà. Ẹni tí wọ́n lé jáde lójúde, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé padà. Orúkọ méjèèjì yẹn náà, ta ló mú un wá? Àwọn àgbà TANU ni. Ti Ààrẹ wá ńkọ́, Nyerere nìkan ni, bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá lo máa tẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Nígbà tí a fẹ́ yan alága ẹgbẹ́ wa kan, orúkọ kan péré ni wọ́n gbé wá, wọ́n ní "ṣé ẹ gbà á?", gbogbo wa ní "a gbà á o!" Èmi náà pariwo ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò gbà, gbogbo ojú ló máa yí sí i, ta ló sì fẹ́ mú dípò ẹ̀? Obìnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ṣa ata, kò gbójú sókè, ètè ẹ̀ ò tiẹ̀ mì. Obìnrin yẹn ni mò ń rò látìgbà tí mo ti gbọ́ ohùn ẹ.

Mi ò sì sọ pé páátì púpọ̀ nìkan ti tó o. Ìwọ náà rántí 1998, páátì márùn-ún la ní, Abacha kan náà ni gbogbo wọn fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ, Bọ́lá Ìgè ní ìka márùn-ún ọwọ́ adẹ́tẹ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bàbá mi ṣì máa ń sọ ti 1983, nígbà tí wọ́n kéde Ọmọ́bóríowó pé òun ló wọlé gómìnà Oǹdó tí ìlú gbiná, pé òórùn táyà ò kúrò ní Arákálẹ̀ bọ̀rọ̀, kí kóòtù tó dá ipò padà fún Ajáṣin. Èèyàn kú, ilé jó, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí irú ẹ̀. Àmọ́ wọ́n mọ orúkọ kejì tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ bínú.

Mo gbà pé wọ́n fẹ́ràn Nyerere, òun náà ló fúnra ẹ̀ gbé ipò sílẹ̀ ní 1985. Ṣá bá mi bi ìyá yẹn: ní 1965, ǹjẹ́ ó mọ ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ "rárá" sí Nyerere, tó sì sọ ọ́ jáde lójú àwọn aládùúgbò? Ká ohùn ẹ̀ sílẹ̀ fún mi, kó sọ ọ́ ní Swahili bẹ́ẹ̀, ìwọ á túmọ̀ ẹ̀. Bá mi kí àwọn ìbejì.

Èmi ni,
Ìyá Dáre