Ẹ má tíì pa Windows rẹ́, ẹ yẹ wáyà wò ná

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lójú ewé ìmọ̀ ẹ̀rọ yín, ẹ gba ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń falẹ̀ nímọ̀ràn pé kó pa gbogbo ohun tó wà lórí háàdì dísìkì rẹ́, kó tún Windows gbé sí i. A ò ní kì í ṣiṣẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan ní Òtìgbà, n'Ìkẹjà níbí, tó lọ tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀ nílé, Windows kọ́ ló sábà ń dà á láàmú. Wáyà ni, tàbí iná, tàbí dísìkì tó ti ń kú lọ kó tó rà á. Ìmọ̀ràn yín kò wo ọ̀kankan sàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì lè gbẹ̀mí ẹ̀kẹta.

Ká tó pe dísìkì ní ọ̀lẹ, ká mọ eré tí agbára rẹ̀ gbé. Dísìkì ńlá (ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì) tó ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan yẹ kó máa da fíìmù ńlá kọ ní bíi 150 sí 200 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tó bá ṣì ń kọ ọ́ sí etí òde. Bó bá ti ń kún wọnú lọ, eré náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìdajì. Ti fáìlì wẹ́wẹ́ tún yàtọ̀: orí tó ń ka dísìkì á máa fò kiri, eré lè má ju 1 MB lọ, àìsàn sì kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí Windows tètè tan, SSD (dísìkì tí ohunkóhun kì í yí nínú rẹ̀) ni kó rà fún un, kó fi dísìkì ńlá pa fọ́tò àti fíìmù mọ́. Àmọ́ bí fáìlì ńlá kan ṣoṣo bá ń wọ́ ní 5 MB, nǹkan wà níbẹ̀.

Ẹ gba CrystalDiskInfo, ètò tó ń fi ìlera dísìkì hàn, sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ìlà mẹ́rin ni kí ẹ wá: 05, C5, C6 àti C7. Nọ́ńbà ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan kì í ṣe òǹkà tí a mọ̀. 10 tó wà níbẹ̀, 16 ni. Ẹ lọ sí Function, Advanced Feature, Raw Values, kí ẹ mú 10 [DEC], á wá ṣeé kà.

C7 ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ó ń ka iye ìgbà tí ohun tí dísìkì àti motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) ń fi ránṣẹ́ síra wọn bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Èyí tó bá bàjẹ́, wọ́n á tún un fi ránṣẹ́, ibẹ̀ ni eré ti ń já. Nọ́ńbà yìí kì í padà sí òdo, kódà tí ẹ bá ti pààrọ̀ wáyà, torí náà kí 300 má dẹ́rù bà yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ da fáìlì tó tó 10 GB sórí dísìkì náà, kí ẹ tún wò ó. Tó bá lé, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri (NEPA lè ti mú iná lọ kí ínfátà ṣì máa gbé e wọlé), kí ẹ fi wáyà SATA (èyí tó so dísìkì mọ́ motherboard) tuntun sí i: èyí tó ní irin ìdè lórí méjèèjì, tí kò gùn ju mítà 1. Ẹ wo ẹ̀yìn kéèsì dáadáa. Níbi tí wọ́n ti ń fi orúnkún ti ìdérí kó lè wọlé, ibẹ̀ ni wáyà ti ń ṣẹ́ nínú tí ojú ò rí i. Bí C7 bá ṣì ń lé, ẹ gbé wáyà lọ sí ojú ihò mìíràn lára motherboard.

Ti 05, C5 àti C6 kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáyà, ojú dísìkì fúnra rẹ̀ ni. 05 ń ka ibi tó ti bàjẹ́ tí dísìkì fi òmíràn rọ́pò, C6 ń ka èyí tí kò ṣeé tún ṣe, C5 sì ń ka ibi tí dísìkì kò rí kà mọ́. Tó bá débẹ̀, á kà á, á tún un kà, á tún un kà. Task Manager, ojú tí Windows fi ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà hàn, á sọ pé dísìkì ti dé 100%, síbẹ̀ kò sí ohun tó ń lọ. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ kó fáìlì yín kúrò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi chkdsk /r, àṣẹ Windows tó ń wá ibi tó bàjẹ́, ṣáájú, torí gbogbo dísìkì ló máa kà látòkèdélẹ̀, èyí sì lè jẹ́ iṣẹ́ àṣekú fún dísìkì tó ń rọ́jú. Format oníkíákíá kò tilẹ̀ kan ojú tó bàjẹ́ yẹn. Ibí yìí gan-an la ṣe ní kí ẹ tún ìmọ̀ràn yín tẹ̀, torí ẹni tó tẹ̀ lé e á ti pa fọ́tò ọmọ rẹ̀ rẹ́ kó tó mọ̀ pé kò yanjú nǹkan kan.

Ẹ̀yin tó ń ra dísìkì tòkunbọ̀, ẹ ní kí ọlọ́jà so ó mọ́ ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó. Power On Hours (iye wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́) ni kí ẹ wò nínú CrystalDiskInfo: ọdún kan láìsinmi jẹ́ wákàtí 8,760. Tí déètì ara rẹ̀ bá jẹ́ 2015 tí wákàtí rẹ̀ wá jẹ́ 3, wọ́n ti fọ nọ́ńbà yẹn nù, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀. Tuntun náà ní tiẹ̀. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á wá rọ̀ wálẹ̀ láàárín fáìlì ńlá: irú SMR nìyẹn, tó ń kọ ìlà kan lé etí èkejì. Ní 2020 ni àwọn tó ń ṣe dísìkì gbà pé àwọn ta á láì kọ ọ́ sára rẹ̀. Kò burú fún pípa nǹkan mọ́, àmọ́ ẹ má gbé Windows sí i.

Iná ló kù. 12V ló ń yí mọ́tò dísìkì ńlá, bó bá sì ń gbéra ó lè fa tó ampere 2. Wáyà alẹ́ka tí ẹ fi pín iná fún dísìkì mẹ́ta lè má gbà á. Dísìkì á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ tó ń dún ká-ká. Ẹ fún un ní wáyà tó tinú power supply (àpótí tó ń pín iná nínú kéèsì) wá tààrà. Ìlà C0 nínú CrystalDiskInfo sì ń ka iye ìgbà tí iná já lójijì lórí rẹ̀. Bó bá ń lé lójoojúmọ́ ní àdúgbò yín, UPS ni kí ẹ fi owó dísìkì tuntun yẹn rà.

Àwa oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan,
Ìkẹjà, Èkó.