Ọmọ mi, ojú ínsúlétọ̀ ni kí o máa ṣọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé ínsúlétọ̀, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí iná kọjá, ti ẹ̀rọ kékeré tí ń mú pátíkù (ẹyọ ohun tín-tìn-tín bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù) sáré ló kàn ọ́ báyìí. Kí o tó ya àwòrán kankan, mọ èyí: nínú fákúùmù (àyè tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀), iná kì í sábà gba inú ínsúlétọ̀ kọjá, ojú rẹ̀ ló ń tọ̀. Má wulẹ̀ máa fi kún ìnípọn rẹ̀. Oríkèé tí irin, ínsúlétọ̀ àti fákúùmù ti pàdé ní ẹ̀gbẹ́ káátóòdù, irin ẹ̀gbẹ́ nẹ́gátíìfù, ni kí o máa wò.

Láti oríkèé yẹn ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù díẹ̀ ti ń já kúrò lára irin. Wọ́n á lu ojú ínsúlétọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì lé ju ẹyọ kan lọ jáde. Ibi tí wọ́n ti jáde á di pọ́sítíìfù, á tún máa fa àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ́ra. Bí wọ́n ṣe ń fò lọ sọ́nà ánóòdù, irin ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù, ni wọ́n ń tú gáàsì tó lẹ̀ mọ́ ojú ínsúlétọ̀, inú gáàsì yẹn gan-an ni iná ti ń sọ. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti parí.

Àlàfo tín-ín-rín lábẹ́ ìdí ínsúlétọ̀ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ìfúnpá iná (fóltéèjì tó wà lórí sẹ̀ǹtímítà kan) inú àlàfo bẹ́ẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́sàn-án ti inú alúmínà, sẹ̀rámíìkì tí wọ́n fi ń ṣe ínsúlétọ̀. Abẹ kò lè wọ ibẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń tibẹ̀ jáde. Má gbójú lé bóòtì pé yóò fún un pa. Fi molybdenum àti manganese bo ìdí alúmínà náà, fi nickel lé e, kí o wá fi àdàlù fàdákà 72 àti bàbà 28 nínú 100 jó o mọ́ Kovar, àdàlù irin, nickel àti cobalt. Dígírì 780 Celsius ni àdàlù fàdákà àti bàbà náà ń yọ́. Kovar ni mo sọ pé kí o lò, torí bí ooru ṣe ń mú un fẹ̀ sún mọ́ ti alúmínà. Irin tí kì í dípẹtà yóò fa alúmínà ya nígbà tó bá ń tutù. Lẹ́yìn náà, gbẹ́ ihò sára káátóòdù kí oríkèé náà lè sá pamọ́ sínú rẹ̀, kí o sì yí etí ihò náà róbótó.

Ní ti ìrísí, gé ẹ̀gbẹ́ ínsúlétọ̀ ní igun dígírì 45, kí ibi tó fẹ̀ jókòó sórí káátóòdù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yóò máa jìnnà sí ojú rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Àwọn kan ti dojú rẹ̀ délẹ̀ rí, kò sì lágbára tó èyí.

Fún iná tí ń wá ní wàràwàrà tó sì ń lọ, lo ìṣirò J. C. Martin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé ìwádìí Aldermaston nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: E × t^1/6 × A^1/10 = 175, fún ike tí a gé ní dígírì 45. E jẹ́ ìfúnpá iná ní kV (ẹgbẹ̀rún fóltì) fún sẹ̀ǹtímítà kan, t jẹ́ bí iná ṣe pẹ́ tó ní máíkírósẹ́kọ́ǹdì, A jẹ́ fífẹ̀ ojú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́rin. Bí A bá jẹ́ 100, tí t sì jẹ́ 1, 110 ni E. Bí t bá dín sí 0.01, ó di 238. Ibi tí iná ti ń ta nìyẹn o, kì í ṣe ibi iṣẹ́. Ní tèmi, ìdajì rẹ̀ ti tó. Má sì mú un lo fún iná DC, èyí tí ń lọ sọ́nà kan láìdáwọ́ dúró.

Irú ínsúlétọ̀ tí wọ́n fi awẹ́ irin àti awẹ́ ínsúlétọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tò lé ara wọn, irú èyí tí wọ́n ṣiṣẹ́ lé lórí ní ilé ìwádìí Lawrence Livermore ní Amẹ́ríkà, máa ń fara da fóltéèjì jù. Síbẹ̀, má fi bẹ̀rẹ̀. Etí awẹ́ kan tó bá yọ gán-ńgán á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Má fi ọwọ́ lásán kàn án. Ọtí isopropyl àti aṣọ tí òwú kì í já lára rẹ̀ dára fún alúmínà. Ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ àti omi mímọ́ ni kí o fi fọ ike. Acetone a máa ba akírílíìkì jẹ́. Fi dígírì 150 yan alúmínà fún ọjọ́ kan, kí fákúùmù sì dé 10⁻⁶ torr (torr ni òṣùwọ̀n ìfúnpá afẹ́fẹ́) kí o tó tan iná.

Fi resistor ńlá, ohun tí ń dín iná kù, sójú ọ̀nà iná kó má bàa ya wọlé lójijì. Láti ìdajì fóltéèjì iṣẹ́, máa fi 2 kV kún un, dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ojú rẹ sì wà lára gééjì fákúùmù. Bí iná bá ta, fi 5 kV dín in kù, kí o tún gòkè. Bó bá ń ta níbì kan náà ṣáá, dáwọ́ dúró, tú u. Ike tó ti ní ìlà dúdú lójú, sọ ọ́ nù. Fífá kò lè mú un padà.

Bí fóltéèjì bá ti kọjá 20 kV, X-ray ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà, pàápàá níbi fèrèsé gíláàsì. Fi òjé bò ó, fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Bí o bá pa iná tán, fi ọ̀pá tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀ kan kapásítọ̀, ohun tí ń tọ́jú iná pamọ́, kí o fi í sílẹ̀ síbẹ̀ títí ọwọ́ rẹ yóò fi kúrò nínú ẹ̀rọ náà.

Ìyá rẹ